Kò Sí Ẹsẹ̀ Màlúù Tí Kò Ní Eegun

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 2023, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ohùn ọkùnrin kan wọlé sórí WhatsApp mi. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ọjà o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń ta ẹsẹ̀ màlúù jù ládùúgbò yín." Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán bíi ti ọmọ Ìbàdàn. Ó ní òun ń bá ilé-iṣẹ́ ẹran kan ní Brazil ṣiṣẹ́, pé kòǹtéènà ogójì ẹsẹ̀ bàtà kan wà nílẹ̀ tó kún fún ẹsẹ̀ màlúù dídì, tí wọ́n ti bọ́ irun rẹ̀, tí wọ́n ti gé e, tí wọ́n sì ti kó o sínú páálí. Iye tó pè é kò tó ìdajì iye tí mò ń rà á lọ́wọ́ ọkùnrin tó ti ń gbé e wá fún mi láti ọdún mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ ilé ní Peckham, ní Brixton, ní Dalston, ní Manchester tàbí Birmingham, ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi dùn létí. Iṣu àti gaàrí wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ màlúù tó dára ni oníbàárà ń rìn wá bá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn Yorùbá ń rà á fún ẹ̀fọ́ rírò àti pẹpẹsúùpù, àwọn Igbo ń rà á fún nkwobi. Ará Jàmáíkà á wá lọ́jọ́ Jímọ̀ láti ra èyí tí yóò fi se ẹ̀wà funfun ńláńlá tí wọ́n ń pè ní butter beans. Kódà mo ní ìyá arúgbó òyìnbó kan, ará Lancashire, tó máa ń ra tirẹ̀. Ó ní cow heel ni wọ́n ń pè é nílé àwọn, pé ìyá òun máa ń fi se páì. Bí fírísà bá ṣófo lópin ọ̀sẹ̀, kálukú wọn á fi èdè tirẹ̀ bú mi.

Nítorí náà mo fetí sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà kejì fetí sílẹ̀ jù mí lọ. Kòǹtéènà bẹ́ẹ̀ lè gba ẹran tó tó tọ́ọ̀nù 25, kò sí bí ẹnì kan nínú wa ṣe lè dá a rà, la bá ní ká da owó pọ̀. Ọkùnrin náà ní ká san ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀, pé ká san èyí tó kù nígbà tí a bá rí ìwé ẹrù. Ó fi fọ́tò ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́, fọ́tò páálí, fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ bàtà rọ́bà funfun, àti ìwé ẹ̀rí dókítà ẹran tí òǹtẹ̀ mẹ́ta wà lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni. £9,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́rú ló fi owó náà ránṣẹ́; ọjọ́ Jímọ̀ ló tó sọ fún mi.

Èmi kò tíì san tèmi. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù ú lọ o. Owó ilé-ìwé ọmọ mi ló ti gba owó ọwọ́ mi lóṣù náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin tó ń gbé ẹran wá fún mi dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Mo fi ìwé Brazil hàn án, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé mo ti rí ibi tó rọjú ju tirẹ̀ lọ. Ó kà á tán, ó gbé e padà fún mi, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹsẹ̀ tí kò ní eegun ni wọ́n fẹ́ tà fún mi ni?

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òfin ló ń sọ. Lákòókò náà, ẹran màlúù tútù tàbí dídì tó bá ti Brazil wá, kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àfi tí wọ́n bá ti yọ eegun rẹ̀, tí wọ́n sì ti fi kọ́ fún àkókò tó yẹ lẹ́yìn pípa. Ẹran ara nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí. Inú ẹran àti ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu tó máa ń mú màlúù, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀. Bí wọ́n bá pa màlúù, tí wọ́n fi ẹran rẹ̀ kọ́, ẹran náà á máa kan díẹ̀díẹ̀, kíkan yẹn ló ń pa kòkòrò àrùn náà. Ṣùgbọ́n kíkan náà kì í dé inú mùdùnmúdùn eegun. Kòkòrò àrùn lè wà níbẹ̀, kí yìnyín máa tọ́jú rẹ̀ fún un, títí wọn yóò fi gbé e gba orí òkun kọjá. Ẹsẹ̀ màlúù sì rèé, kí ló kù níbẹ̀ bí a bá yọ eegun kúrò?

Àwọn òyìnbó kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, ẹni tó bá sì gbé ibí ní 2001 á rántí ìdí rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn ọ̀hún lára ẹlẹ́dẹ̀ ní odò ẹran kan ní Essex. Wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé oko ẹlẹ́dẹ̀ kan ní Northumberland, níbi tí wọ́n ti ń fi àjẹkù oúnjẹ tí wọn kò sè dáadáa bọ́ ẹran. Wọ́n gbà pé ẹran tí ẹnì kan gbé wọlé lọ́nà àìtọ́ ló ṣeé ṣe jù kó gbé àrùn náà wá. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ẹran tí wọ́n pa kó tó rọlẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ sún ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ kúrò ní 3 May sí 7 June nítorí rẹ̀.

Ìwé olóǹtẹ̀ mẹ́ta yẹn, nígbà náà, ń jẹ́rìí sí ọjà tí kò lè dé ọ̀dọ̀ wa láé. Ká ní ọ̀rẹ́ mi ti béèrè bí òfin ṣe wí kí ó tó béèrè iye, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí lọ́jọ́ Ajé. Òfin wọ̀nyí máa ń yí padà bí àrùn bá ti ń lọ tàbí tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ má fi ohun tí mo sọ nípa 2023 ṣe òdiwọ̀n tòní. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan àti irú ẹran tó lè ti ibẹ̀ wá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka ìyẹn ná.

Nígbà tí a wá jókòó ti ìwé ẹrù tó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní bill of lading, ojú wa là sí i. Gbogbo kòǹtéènà lágbàáyé ló ní nọ́ńbà: lẹ́tà mẹ́rin, tí U jẹ́ ìkẹrin wọn, àti fígọ̀ méje. Fígọ̀ tó gbẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, láti ara àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kí àṣìkọ má bàa kọjá. Tiwa ní fígọ̀ mẹ́fà. A ti wo ìwé náà bí ìgbà mẹ́wàá, a ò kà á rí. Bí nọ́ńbà bá tilẹ̀ pé, ẹ lọ síbi tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi náà ti máa ń jẹ́ kí ènìyàn tọpasẹ̀ ẹrù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fúnra yín. Kì í ṣe ìlujá tí oníjìbìtì bá fi ránṣẹ́ ni kí ẹ tẹ̀, torí òun náà lè kọ́ ibi ìtọpasẹ̀ tirẹ̀.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó lò, ojúlówó ni. Ibi tí gbájú-ẹ̀ ìsinsìnyí ti lágbára jù nìyẹn. Kò tún dá ilé-iṣẹ́ èké sílẹ̀ mọ́. Yóò ya orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lóòótọ́ lò, àdírẹ́sì rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ óò bá a níbẹ̀, ọkàn yín á sì balẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì nìkan ni kì í ṣe ti wọn. Ohun tó yẹ ká ti ṣe ni pé ká wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra wa, ká pè wọ́n, ká bi wọ́n pé ṣé ọmọọṣẹ́ yín kan ń bá wa sọ̀rọ̀? Nígbà tí a pè nígbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló gbà. Obìnrin tó gbé fóònù ní àwọn kì í tajà lórí WhatsApp. Ó dà bíi pé ó ti dáhùn ìbéèrè yẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣáájú wa.

Àti Yorùbá ẹnu yẹn. Mo ti rò ó títí. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi kí mi, ǹ bá ti béèrè ìbéèrè mẹ́wàá. "Ẹ kú ọjà" ló wọlé sí mi lára. Àwọn àgbà ní a kì í ná ẹja lábẹ́ omi, àwa sì jókòó sí London, à ń ná ẹsẹ̀ màlúù tó wà ní Brazil, torí pé ẹni tó ń tà á mọ bí a ṣe ń kí ìyálọ́jà.

Ọ̀rọ̀ owó náà wá kù. Láti 7 October 2024, òfin ti wà nílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí oníjìbìtì bá tan ènìyàn láti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì dé báńkì, báńkì gbọ́dọ̀ dá owó náà padà, títí dé £85,000. Àwọn oníṣòwò kéékèèké tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ju oṣù 13 lọ kí ẹ tó fẹjọ́ sùn. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òfin náà kò kan owó tó bá jáde kúrò nílùú. Ká tilẹ̀ ní ó ti wà ní 2023, kò ní ran ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, torí orílẹ̀-èdè mìíràn ni àkáǹtì náà wà, ní orúkọ ènìyàn, kì í ṣe ní orúkọ ilé-iṣẹ́. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ọjà ilé-iṣẹ́ sínú àkáǹtì ènìyàn kan, ẹ má bá a jiyàn, ẹ pa fóònù.

Ó tún ní irú kan tó burú jù báyìí. Ẹni tí ẹ ti ń bá ṣòwò tipẹ́ ni í-meèlì á ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá pé àwọn ti yí àkáǹtì padà. Orúkọ rẹ̀ ni, ìwé owó rẹ̀ ni, iye tí ẹ jẹ ẹ́ gan-an ni. Oníjìbìtì ti wọ inú í-meèlì ọ̀hún, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọ̀sẹ̀ pípẹ́. Ẹ gbé fóònù, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ látẹ̀yìnwá, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí owó bá ti lọ, ẹ tẹ 159 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ńbà yẹn á so yín mọ́ báńkì yín tààrà. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ẹ bá ti sunkún tán.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tan wa ló wà lórí fóònù. Ẹ̀yin náà mọ ọkọ̀ fáànù tí í dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Kò ní páálí, àpò ọ̀rá ló kó ẹran sí. Kò ní ìwé owó. Ẹran náà wà lóòótọ́, ẹ lè fọwọ́ kàn án, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ewu kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Ní odò ẹran ilẹ̀ yìí, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pèsè fún jíjẹ ènìyàn. Òfin ní ẹsẹ̀ tí ènìyàn yóò jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n bó awọ rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ́ irun rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ nìyẹn, owó ni. Odò ẹran tí kò bá fẹ́ ṣe é á kó ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ pẹ̀lú àkọlé Category 3, ìyẹn ni pé kì í ṣe fún jíjẹ ènìyàn; ó lè lọ di oúnjẹ ajá. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, kò sí bí ó ṣe tún lè padà di oúnjẹ ènìyàn, ì báà mọ́ tó báwo. Àmọ́ ìyàtọ̀ iye owó oúnjẹ ajá sí oúnjẹ ènìyàn pọ̀, ẹni tó bá sì lè yí àkọlé yẹn padà lóru, èrè ńlá ni fún un. Ẹ̀yin lẹ óò wá tà á fún ìyá ọlọ́mọ.

A tún ní àìlera tiwa, ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún ara wa. Òórùn iná ni. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi omi bọ́ a máa funfun, oníbàárà á ní kò jọ tilé. Tilé tí wọ́n ń wí yẹn, èyí tí wọ́n fi iná jó irun rẹ̀ ni, nígbà mìíràn pẹ̀lú táyà, ohun tí NAFDAC fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa ní Nàìjíríà. Ọlọ́kọ̀ fáànù mọ ohun tí à ń wá. Òun náà ló máa ń ní smokies, ẹran àgùntàn tí wọ́n sun tawọtawọ, èyí tí òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà. Bí oníbàárà bá fẹ́ òórùn iná, kó fi tirẹ̀ sórí iná ní ilé ìdáná rẹ̀.

Ojúlówó ẹran ní àmì. Ẹ wo ara páálí: ẹ óò rí àmì kan tó rí roboto bí ẹyin, GB tàbí UK á wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, bó bá jẹ́ láti Ireland, IE ni. Nọ́ńbà yẹn ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó pèsè ẹran náà. Food Standards Agency ti to gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Bí nọ́ńbà bá wà, tó sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé, tàbí ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe wàrà, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Lẹ́yìn àmì, ẹ fọwọ́ kan ẹran. Ẹran dídì gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n òtútù 18 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ ra tẹmómítà, kí ẹ fi sáàárín páálí méjì kí awakọ̀ tó lọ. Ẹ gbé páálí kan dìde, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì pẹlẹbẹ sísàlẹ̀, tàbí tí àwọn ègé ẹsẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn di òkìtì kan, ẹran náà ti yọ́ rí, ó sì tún padà dì. Irú rẹ̀ máa ń wọ́pọ̀ nígbà ooru. Ẹ má gbà á. Awakọ̀ á bínú, á ní ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò, kó bínú.

Ìwé owó tí ọlọ́kọ̀ fáànù kì í fún yín, òun gan-an ni wolé-wolé káńsù máa kọ́kọ́ béèrè. Òfin ní kí olóúnjẹ lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ra ọjà, àti ṣọ́ọ̀bù tó bá tà á fún. Bí àpò méjì tí kò ní ìwé bá wà nínú fírísà yín láàárín ogún tó ní, tí ẹ sì ti tú gbogbo rẹ̀ pọ̀, báwo lẹ ṣe máa fi hàn pé èyí ni, èyí kọ́? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè kó. Ní England, ẹjọ́ oúnjẹ tí kò bófin mu lè di ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn tí kò ní òdiwọ̀n, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ wá ń ronú láti máa pín ẹsẹ̀ màlúù fún ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ní ọjọ́ 28 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó tó fún ẹni tó ń tà fún olùjẹ. Kò tó fún ẹni tó ní yàrá yìnyín tó ń ti ibẹ̀ gbé ẹran fún àwọn alárobọ̀. Àṣẹ pàtàkì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò, títí kan ẹni tó fi ayùn iná gé ẹsẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń kó o fún àdúgbò mẹ́ta. Díẹ̀ tí ẹ bá fún ṣọ́ọ̀bù ìtòsí lè má ní wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ bi káńsù yín kí ẹ tó ra ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àpò ìrìn-àjò ńkọ́? Ẹran láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ bá ènìyàn wọ ilẹ̀ yìí, pọ̀nmọ́ gbígbẹ náà kò yọ sílẹ̀. Láti 12 April 2025, wọ́n ti dí ti ilẹ̀ Yúróòpù náà, nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu tó bẹ́ ní Jámánì ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà, tó sì tún hàn ní Hungary àti Slovakia lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun lè fi kòǹtéènà ẹsẹ̀ màlúù ránṣẹ́ sí Èkó fún yín, ẹ rántí pé ẹran màlúù wà lára ohun tí aṣọ́bodè Nàìjíríà kò gbà wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi ti kó àjọ rẹ̀ ṣáájú, nítorí náà oṣooṣù ló ń dá a fún àwọn tó kù, owó tí kò rí lò. December 2024 ló dá èyí tó gbẹ̀yìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ àjọ náà, ojú ń tì í, èmi náà kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà mí láàyè láti kọ èyí, torí ẹnì kan ní Leicester fi ohùn kan ránṣẹ́ sí wa lọ́dún tó kọjá, ó ní ká bá òun gbọ́ ọ. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ọjà o." Ọkùnrin wa ni. Ẹsẹ̀ adìyẹ ló ń tà báyìí.